Láti Ojú Ikọ́ Ni Ká Ti Máa Kà Á

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìlera pé ṣé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn wa, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa: nínú èèyàn mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Nàìjíríà, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń parí rẹ̀ sí rere. Irọ́ kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò ti gbogbo ayé pọ̀, ó sì rí i pé 88 nínú 100 àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́dún 2022 ló yege. Orílẹ̀-èdè tiwa kò sì rẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni, pàápàá fún ará Erio, Aràmọ̀kọ́, Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n ní ìpínlẹ̀ Èkìtì tó ti ń gbọ́ láti kékeré pé ikọ́ yìí kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò ló ní ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé ìtọ́jú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àrùn ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí ikọ́ wọlé tí kò sì lọ mọ́. Gbogbo ẹni tó bọ́ sọnù láàárín ikọ́ àti ìwé, kò sí nínú mẹ́wàá tí a ń wí yẹn. Àfi bí a bá ń ka ìtọ́jú láti ojú ikọ́ ni a tó lè mọ bó ṣe ń ṣe sí, owó tí a bá sì fẹ́ ná á tó bọ́ síbi tó ti máa gba ẹ̀mí là.

Kí n má bàa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́, oògùn ọ̀hún kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà, ọ̀rọ̀ pé èpè ni tàbí pé ó wà nínú ìdílé sì ti yẹ kó tán láti ọjọ́ yẹn. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tó lè borí kòkòrò náà. Ní báyìí, oògùn mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Aláìsàn á máa lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, bó bá ṣe wúwo tó ni wọn yóò fi mọ iye hóró tó máa gbé mì. Lẹ́yìn ìyẹn, á fi rifampicin àti isoniazid nìkan ṣe oṣù mẹ́rin sí i. Ìtọ̀ rẹ̀ á máa pọ́n, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀, rifampicin ló fà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ á ti máa rọlẹ̀, oúnjẹ á ti máa wọlé, ewu pé ó lè kó o ran ará ilé á sì ti dínkù gidigidi. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé kí ni kíníkì alábọ́ọ́dé tó wà ní ìgbèríko Èkìtì mọ̀. Wọ́n ti dá àwọn yẹn lóhùn láti ọdún 1959. Ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn olùwádìí kó àwọn tálákà tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wọ ọsibítù tí wọ́n kọ́ fún àrùn náà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ìsinmi, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó dára. Àwọn yòókù gba oògùn kan náà, ṣùgbọ́n inú yàrá tí wọ́n há mọ́ pẹ̀lú ọmọ àti aya ni wọ́n ti lò ó, oúnjẹ tálákà ni wọ́n sì ń jẹ. Nígbà tí ọdún pé, àwọn tó wà nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn tó àwọn tó wà ní ọsibítù, àwọn ará ilé wọn kò sì kó àrùn ju àwọn ará ilé àwọn tó wọ ọsibítù lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti àwọn ọsibítù ńláńlá bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé. Nítorí náà, bí ẹni kan bá sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aràmọ̀kọ́ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n kò lè wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ ọdún 1950 ló ń sọ.

Ó wá ku ìwé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, nígbà tí àkókò bá pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun kan síwájú orúkọ rẹ̀: ó sàn, ó parí oògùn, oògùn kò ràn án, ó kú, a kò rí i mọ́, tàbí a kò mọ bó ṣe jẹ́. “Ó sàn” túmọ̀ sí pé wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tí oògùn ń tán lọ, wọn kò sì rí kòkòrò níbẹ̀ mọ́. “Ó parí oògùn” kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ó gba oògùn títí dé òpin, bóyá wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò tàbí wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní àṣeyọrí. “A kò rí i mọ́” ni ti ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù méjì gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo èyí ló mọ́gbọ́n dání, ó sì jẹ́ kí a lè fi ìpínlẹ̀ kan wé èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí kò láyè nínú ìwé yìí rárá. Ẹni tí làbù rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tí kò padà wá gba èsì, inú ìwé làbù ni orúkọ rẹ̀ pẹ̀kun sí. Nínú ìwé ìtọ́jú, kò sí i, kò bẹ̀rẹ̀, kò kúrò. Ẹni tó ń wúkọ́ láti oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé kó tutọ́ sínú ike, ìyẹn kò tilẹ̀ dé ìwé kankan. Ní ìkángun kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó parí oògùn tí àrùn sì tún padà sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ọdún kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà, a ti kọ ọ́ sí àṣeyọrí tipẹ́.

Kódà láàárín àwọn tó dé inú ìwé, ìyàtọ̀ máa ń wà láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,200 ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ní Ìbàdàn fi hàn pé nǹkan bíi 78 nínú 100 ló yege. Nǹkan bíi mẹ́jọ ni oògùn kò ràn, mẹ́fà tàbí méje ló pa á tì láàárín ọ̀nà. Ìbàdàn nìyẹn, ìlú tó ní ọsibítù ńlá UCH, tó ní ọsibítù ìjọba fún àrùn àyà ní Jericho, tí ọkọ̀ sì ń ná gbogbo ìgboro rẹ̀. Àwọn tí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn náà kò tó nǹkan, ìtọ́jú wọn kò yọrí sí rere tó ti àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nǹkan ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn jẹ́ kí a mọ̀ pé oògùn kan náà lè mú 78 jáde níbì kan, kó mú 90 jáde níbòmíràn, ohun tó sì yàtọ̀ kì í ṣe inú hóró oògùn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà láti ojú ikọ́. Lọ́dún 2022, WHO fojú bù ú pé èèyàn 479,000 ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Àwọn tí ètò ìjọba rí, tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ jẹ́ 285,561. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, torí pé lọ́dún 2017, nǹkan bíi 105,000 péré ni wọ́n rí. Síbẹ̀, nínú èèyàn 100 tí àrùn mú, 60 ni wọ́n rí, 40 kò sí nínú ìwé. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn 60 náà bá yege, 54 nìyẹn. Lójú ẹni tó ń ka ìwé ìtọ́jú, ìtọ́jú wa yege ní 90 nínú 100. Lójú ẹni tó ń ka ikọ́, ó jẹ́ 54. Àgbẹ̀ tó bá fi iṣu tó ti wọ àká nìkan wọn oko rẹ̀ kò ní í mọ iye tó jẹrà sínú ebè. Wọ́n lè sọ pé lára àwọn 40 yẹn, àwọn kan ti rí ìtọ́jú ní ọsibítù aládàáni tí kò fi tó ìjọba létí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tó mẹ́wàá, kí gbogbo wọn sì yege. 64 ni a dé yẹn, ó ṣì jìnnà sí 90. Bákan náà, àbọ̀ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2012 fi hàn pé nínú 100,000 àgbàlagbà, nǹkan bíi 524 ni àrùn náà wà lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì sí lórí oògùn kankan.

Níbí ni ẹnìkan ti máa sọ pé Èkìtì kì í ṣe Èkó. Afẹ́fẹ́ wa dára, òkè yí wa ká, a kì í há mọ́ ara wa bíi ti Ajégúnlẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ fún un ní àyè tó yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Aràmọ̀kọ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Erio sì wà nínú rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, nǹkan bíi 180,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ń mú èèyàn níbẹ̀ bó ṣe ń mú wọn ní Nàìjíríà lápapọ̀, ìyẹn 219 nínú 100,000 lọ́dún, àwọn tó máa mú lọ́dún kan á sún mọ́ 400. Ẹ gé e sí méjì nítorí òkè àti afẹ́fẹ́. Ó ku nǹkan bíi 200. Ìbéèrè tó wá kàn kò le: orúkọ mélòó ló wọ ìwé ìtọ́jú ní ìjọba ìbílẹ̀ náà lọ́dún tó kọjá? Bí ó bá sún mọ́ 200, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ 50, a jẹ́ pé bí ó ti wù kí 50 yẹn yege tó, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ní alábòójútó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀, èsì ìbéèrè yìí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ nǹkan àṣírí. Ọba, ìjòyè, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pásítọ̀ àti àfáà ló yẹ kó máa béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń béèrè nípa ọ̀nà àti iná.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ikọ́ àti ìwé? Ìlànà ni pé ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2010, kì í lò tó wákàtí méjì kó tó sọ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, á sì tún sọ bóyá rifampicin lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò sí ní gbogbo kíníkì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló máa wọkọ̀ lọ bá a. Ẹni tó ń wúkọ́ ní abúlé oko kò tilẹ̀ ní í kọ́kọ́ ronú kan kíníkì. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì ló máa lọ, á ra oògùn ikọ́ olómi, á ra kápúsù. Nígbà tí kò bá lọ, àgbo. Nígbà tó bá ń rù, tó ń làágùn lóru, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá tẹ̀lé ikọ́ ni wọ́n tó ń rántí dókítà. Bó bá dé kíníkì, wọ́n á ní kó tutọ́, kó lọ, kó padà wá gba èsì. Owó ọ̀kadà ní àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, lákòókò tí kò lè roko mọ́. Bí èsì bá jáde tán tí kò bá sí kírẹ́díìtì lórí fóònù òṣìṣẹ́ láti pè é, ó tán nìyẹn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè pe èyí ní àìbìkítà. Lójú tèmi, ìṣirò tó dá ṣáká ni tálákà ń ṣe: owó tó dájú pé ó máa jáde lónìí, àti ìwòsàn tí kò tíì rí.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ìjọba ti sọ oògùn di ọ̀fẹ́, kí ni aláìsàn tún ń fẹ́. Lọ́dún 2017, wọ́n ṣe ìwádìí lórí ohun tí ìdílé ń ná nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Nínú ìdílé 100 tí àrùn náà wọ̀, 71 ni ìnáwó rẹ̀ àti owó iṣẹ́ tó sọnù nítorí rẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tó ń wọlé fún wọn lọ́dún lọ. Oògùn ọ̀fẹ́ nìyẹn o. Owó ọkọ̀ ni, oúnjẹ ni, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kiri kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni, iṣẹ́ oòjọ́ tí wọn kò lè ṣe mọ́ ni. Ọ̀fẹ́ tó ń béèrè pé kí èèyàn ta ewúrẹ́ kó tó lè gbà á kò tíì di ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo ń dá lábàá, pé kí a máa fún aláìsàn lówó díẹ̀ lóṣooṣù, kò ṣòro, wọ́n sì ti dán an wò ní ilẹ̀ wa. Ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Ebonyi, àwọn olùwádìí fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 2,500 náírà lóṣooṣù. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bíi 71 nínú 100 ló ń yege ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí owó náà dé, ó di 86. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Ẹni tó bá fẹ́ wá àléébù á sọ pé àwọn ti àná ni wọ́n fi wé àwọn ti òní, wọn kò ṣẹ́ kèké láti pín wọn, ó sì ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn ti yí padà láàárín rẹ̀. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kò yí padà, ilé ìwòsàn kò yí padà, ìyàtọ̀ 15 nínú 100 kì í sì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè Íńdíà náà ti ń san 500 rúpìì lóṣù fún gbogbo aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2018 kí wọ́n lè fi jẹun. Lọ́dún 2024, wọ́n sọ ọ́ di 1,000.

Olùkàwé tó mú ọ̀rọ̀ dání á ti bi mí pé ṣebí èmi náà ni mo mú ẹ̀rí Madras wá, níbi tí àwọn tó jẹ oúnjẹ tálákà ti sàn bí àwọn tó jẹ oúnjẹ ọsibítù. Kí ni owó oúnjẹ wá wà fún? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí Madras fi hàn ni pé oògùn ló ń pa kòkòrò, oúnjẹ kọ́. Ṣùgbọ́n ní Madras, wọ́n ń tẹ̀ lé aláìsàn délé. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á wá a lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, tí hóró mẹ́rin ń mú kó máa bì ní kùtùkùtù, á fi oògùn sílẹ̀, oògùn tí kò sì dé inú kò lè pa kòkòrò kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwádìí RATIONS tó jáde lọ́dún 2023 láti ìpínlẹ̀ Jharkhand ní Íńdíà kan náà ti fi nǹkan kún ohun tí a mọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ará ilé aláìsàn, iye àwọn tí àrùn náà ràn nínú wọn sì fi nǹkan bíi 39 nínú 100 dínkù sí ti àwọn tí wọn kò fún. Láàárín àwọn aláìsàn fúnra wọn, ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ bá gòkè ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ikú jìnnà sí i ju ẹni tí kò sanra lọ. Oúnjẹ kò gba ipò oògùn. Ó ń jẹ́ kí oògùn ríbi jókòó.

Wọ́n á tún ní owó náà á di owó ọtí, tàbí pé ẹni tí kò ṣàìsàn á máa wúkọ́ èké nítorí rẹ̀. Ikọ́ èké kò lè tan GeneXpert jẹ. Ní ti ọtí, ètò tí a ní báyìí náà kò gba aláìsàn gbọ́: ó ní kí ẹnìkan máa wò ó bó ṣe ń gbé oògùn mì. Àkójọ ìwádìí tí ẹgbẹ́ olùwádìí Cochrane gbé jáde lọ́dún 2015 yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò káàkiri ayé, kò sì rí i pé àwọn tí wọ́n ń wò lójú sàn ju àwọn tó ń dá oògùn wọn lò nílé. Èyí kì í ṣe pé kí a pa alábàárìn aláìsàn tì. Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá a gbé e ró wúlò púpọ̀. Ohun tí kò wúlò ni ojú ọlọ́pàá. Bí a bá lè san owó òṣìṣẹ́ láti máa ṣọ́ ẹnu aláìsàn, a lè san owó ọ̀kadà aláìsàn.

Lórí àgbo, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fi ìbínú ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín nítorí àgbo kò ní í sọ òótọ́ mọ́, á lo méjèèjì pọ̀ ní kọ̀rọ̀. Isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide máa ń wúwo fún ẹ̀dọ̀. Bí ọtí tàbí àwọn egbòogi kan bá tún kún un, ojú á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àrùn ẹ̀dọ̀ ti í ṣe, ìtọ́jú á sì dúró. Ó sàn kí nọ́ọ̀sì bi í ní pẹ̀lẹ́, kí ó mọ ohun tó ń mu. Ó tún sàn jù kí a fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti oníkẹ́mísì ṣe ẹnu ọ̀nà sí kíníkì, kí wọ́n gba nǹkan díẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n bá darí wá tí àyẹ̀wò sì gbè é. Ọ̀dọ̀ wọn ni ikọ́ ń kọ́kọ́ dé, bí a fẹ́ bí a kọ̀.

Ẹni tó bá rò pé owó tí a fẹ́ máa fún aláìsàn pọ̀ jù, kó wo ohun tí àìsan rẹ̀ ń kó bá wa. Ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ ní oṣù kẹta, tí ara rẹ̀ ti dá, lè máa tọ́ kòkòrò tí oògùn kò ní í ràn mọ́. UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2010. Nígbà náà, ó tó oṣù 18 sí 24, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń sọ àwọn kan di adití. Lọ́dún 2022, WHO fọwọ́ sí oògùn olóṣù mẹ́fà tí kò ní abẹ́rẹ́, ọpẹ́ ni fún ìyẹn, ṣùgbọ́n iye tó ń náni kò ṣeé fi wé ti oògùn àkọ́kọ́ rárá.

Ta ni yóò san án? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amẹ́ríkà àti àjọ Global Fund la gbé ẹrù yìí kà lórí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa ní Àbújá sì sáré fi nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà láti dí àlàfo rẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n owó Àbújá ni, ọ̀nà rẹ̀ sí Erio sì jìn. Owó tó sún mọ́ wa wà. Ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì bá rí 200 aláìsàn lọ́dún, tó sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 10,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́fà, mílíọ̀nù 12 náírà ni gbogbo rẹ̀. Ìjòkòó ìpàdé mélòó kan àti ọkọ̀ kan fún ọ̀gá kan lè jẹ ju ìyẹn lọ. Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n lè ṣe tiwọn bákan náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún nínú bí wọn yóò ṣe ṣe é: kí ẹ̀bùn oṣù àkọ́kọ́ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ sínú ìwé ìtọ́jú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí èsì làbù bá jáde, kí owó ọ̀kadà sì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí yóò gbé èsì náà lọ bá onítọ̀hún ní oko rẹ̀. Nígbà tí ọdún bá sì parí, kí alábòójútó gbé ìwé làbù àti ìwé ìtọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú ìgbìmọ̀ ìlera ìlú, kó ka iye àwọn tó wà nínú ti àkọ́kọ́ tí wọn kò sí nínú ti èkejì, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó sì sọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí.